Ǹjẹ́ Ẹ̀rín Lè Wà Nínú Ọ̀wọ̀?

Ní ìlú Willimantic, ní ìpínlẹ̀ Connecticut lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn a máa yan lójú títì ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje tí í ṣe ọjọ́ òmìnira wọn, láìsí onífèrè, láìsí onílù. Rédíò ni wọ́n ń gbé dání. Ilé iṣẹ́ rédíò WILI tó wà nínú ìlú náà ló ń fi orin tí àwọn ológun fi ń yan sórí afẹ́fẹ́, gbogbo rédíò tó wà lójú títì, ti ẹni tó ń yan àti ti ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, a sì máa ké orin kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Boom Box Parade ni wọ́n ń pè é. Àìní ló bí i. Ní 1986, ìlú náà wá ẹgbẹ́ onífèrè tí yóò ṣíwájú ìwọ́de ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó kú, wọn kò rí ẹyọ kan. Obìnrin kan nínú ìlú ló wá dá a lábàá fún àwọn ará rédíò pé tó bá di ọjọ́ òmìnira, kí wọ́n jẹ́ kí orin ti orí afẹ́fẹ́ wá. Ọdún tó ṣáájú, ìyẹn 1985, ni American Thread Company, ilé iṣẹ́ òwú tí òkìkí ìlú náà rọ̀ mọ́, ti kógbá sílé. Ìlú tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 18,000 lọ, tí iṣẹ́ ti lọ mọ́ lọ́wọ́, tí kò tún ní onífèrè: irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló jókòó pète ọdún yìí. Kò sí pé à ń forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ yan, kó wọ aṣọ pupa, funfun àti búlúù, kó yí rédíò rẹ̀ sí WILI, kó bọ́ síta.

Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ju ti ìlú kékeré kan lọ. Òmìnira orílẹ̀-èdè kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ nítorí rẹ̀, òkú sùn. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ń gbà bu ọlá fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: sójà tí ẹsẹ̀ wọn ń dún gbìì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ ogun, àwọn èèyàn pàtàkì lórí pèpéle, ará ìlú lẹ́yìn okùn. Ta ni yóò wá sọ pé ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, tí rédíò ń ké tòò lórí kẹ̀kẹ́ náà, ń bu ọlá fún ohunkóhun? Àwọn onísìn ti ń bi ara wọn ní irú ìbéèrè yìí tipẹ́tipẹ́: ṣé ohun mímọ́ gba ẹ̀rín, àbí ẹ̀rín ló ń sọ ohun mímọ́ di yẹpẹrẹ? Èrò tèmi ni pé ẹ̀rín kò ba ọ̀wọ̀ jẹ́. Mo tún fẹ́ lọ síwájú díẹ̀ sí i: ọ̀wọ̀ tí kò gba ẹ̀rín rárá kì í pẹ́ gbàgbé ohun tó torí rẹ̀ kúnlẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í júbà fún.

Ẹjọ́ yìí ti délé ọba rí. Nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí kẹfà, wọ́n ń gbé àpótí ẹ̀rí wọ Jerúsálẹ́mù, Dáfídì sì ń jó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú éfódì ọ̀gbọ̀ nìkan lára, ó ń fò, ó ń tàkìtì ayọ̀. Míkálì ìyàwó rẹ̀, ọmọ Sọ́ọ̀lù, yọjú lójú fèrèsé, ohun tó rí sì rùn ún nínú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, ó fi í ṣẹ̀sín pé ó ṣí ara sílẹ̀ lójú àwọn ìránṣẹ́bìnrin bí aláìnítìjú. Ó máa ń wu àwọn oníwàásù láti sọ Míkálì di èèyàn burúkú, èyí kò sì tọ́ sí i. Ẹjọ́ tó rò ní ìtumọ̀. Iyì ọba kì í ṣe ti ọba nìkan, ti ìlú ni. Ọba tó bá sọ iyì yẹn nù lójú títì, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ló ń fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n èsì Dáfídì mú ọ̀rọ̀ náà láti ibòmíràn: níwájú Ẹni tó fi òun jẹ ọba ni òun ti ń jó, òun sì ṣetán láti rẹ ara òun sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí nínú ìjà tọkọtaya yìí ni pé ibi tí ojú àwọn méjèèjì wà yàtọ̀ síra. Ọba ni Míkálì ń wò. Àpótí ni ọba ń wò. Bí Dáfídì bá ti fi aṣọ ọba àti ìrìn ọba ṣíwájú àpótí náà, gbogbo Jerúsálẹ́mù ni yóò máa wo ọba, tí àpótí yóò sì di ẹrù tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ohun tí ìwọ́de aláwàdà ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń mú iyì ẹni tó ń ṣọdún kúrò lójú ọ̀nà. Ìlú Willimantic ì bá lọ háyà onífèrè láti ìlú tó lówó jù ú lọ, tàbí kó ti ọdún náà pa kí ojú má bàa tì í. Ṣùgbọ́n àìní tó yẹ kó fi pamọ́ ló gbé lé èjìká, tó sì ń bá a yan lójú gbogbo ayé. Ó sì jọ pé àṣà ibẹ̀ ni. Ìtàn kan wà ní agbègbè Windham, tí Willimantic jẹ́ apá kan rẹ̀, pé lóru ọjọ́ kan ní 1754, ariwo kan tó bani lẹ́rù jí àwọn ará ìlú. Ogun ń bọ̀ lọ́kàn gbogbo ènìyàn nígbà náà, wọ́n sì rò pé àwọn ọ̀tá ló dé. Wọ́n sá káàkiri, wọ́n wá ìbọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú kọ̀ǹkọ̀ ni wọ́n bá ní odò, àwọn kọ̀ǹkọ̀ ló ń ké lóru. Àwọn ará àdúgbò fi wọ́n ṣẹ̀sín títí ó sú wọn. Lónìí, ère kọ̀ǹkọ̀ ràgàjì mẹ́rin ló jókòó sórí afárá tí wọ́n ṣí ní Willimantic ní 2000, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ohun tó dà bí èyí tí wọ́n ń ká òwú mọ́ ní ilé iṣẹ́ tó ti kú. Ìtìjú àtijọ́ àti àdánù àìpẹ́, méjèèjì ni wọ́n gbé gun orí afárá. Èyí kì í ṣe ìwà ẹni tí kò ka ìlú rẹ̀ sí.

Ẹni tó bá rò pé àwọn ará ìsinsìnyí ló sọ ọjọ́ òmìnira di eré, kó lọ wo lẹ́tà tí John Adams, ọ̀kan lára àwọn tó dìbò fún òmìnira náà, kọ sí Abigail ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù Keje, 1776. Adams rò pé ọjọ́ kejì oṣù náà ni àwọn àtọmọdọ́mọ yóò máa ṣọdún rẹ̀, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n dìbò fún òmìnira (ó fi ọjọ́ méjì tàsé, ẹ forí jì í), àmọ́ ohun tó kà sílẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ó ní kí wọ́n fi ìsìn yin Ọlọ́run Olódùmarè, ó sì tún ní kí ìwọ́de wà, kí eré wà, kí ìbọn dún, kí agogo ró, kí iná àjọyọ̀ máa jó. Inú lẹ́tà kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà, kò sì rí ìjà kankan láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ Massachusetts ni wọ́n bí Adams sí, níbi tí àwọn Puritan, àwọn Kristẹni tí ìsìn wọn le koko, ti ṣòfin ní 1659 pé ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ níbi tó ti ń ṣọdún Kérésìmesì yóò san owó ìtanràn ṣílè márùn-ún. 1681 ni wọ́n tó wọ́gi lé òfin náà. Àwọn Puritan kì í ṣe òmùgọ̀. Wọn kò rí ibi tí Bíbélì ti pàṣẹ ọdún náà, wọ́n sì rí ọtí àti ìjàngbọ̀n tó ń bá a rìn. Ohun tí n kò lè gbà lọ́wọ́ wọn ni èrò pé bí ara bá ti ń yọ̀, ọkàn ti fi Ọlọ́run sílẹ̀ nìyẹn. Plato, tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní ẹlẹ́fẹ̀, sọ ọ́ nínú ìwé tó kọ lórí òfin pé ohun ìṣeré Ọlọ́run ni ènìyàn, pé ibẹ̀ gan-an ni iyì ènìyàn wà, àti pé eré tó dára jù lọ ló yẹ kó fi ayé rẹ̀ ṣe: kó rúbọ, kó kọrin, kó jó.

Ọmọ Yorùbá kò sì nílò Plato kó tó gbà. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, òkè tó gba àwọn tó tẹ Ìbàdàn dó là ni wọ́n ń bọ, síbẹ̀ orin tí kò ṣeé kọ lójú àna ni wọ́n ń kọ kiri ìgboro, ẹni ńlá tí wọ́n bá sì fi orin náà bá wí kò gbọdọ̀ bínú. Lóru Ẹ̀fẹ̀, nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn ìyá wa ni wọ́n ń tù lójú, àwàdà àti ọ̀rọ̀ gún-ní-lára ni wọ́n sì fi ń tù wọ́n. Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ tí yóò sọ pé ìsìn ti parí, eré ló kù. Eré yẹn ni ìsìn náà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rédíò, torí ọ̀nà tó gbà ń ṣiṣẹ́ ti yí nǹkan padà nínú ìwọ́de yìí ju bí ó ti hàn lójú lọ. Nínú ìwọ́de onífèrè, iwájú wà, ẹ̀yìn sì wà. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí onílù, ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn ni ìlù yóò tó dé etí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní bá ti ará iwájú mu. Ẹni tó sún mọ́ fèrè ló ń jayé ọdún, ẹni ẹ̀yìn ń gbọ́ fìrìfìrì. Ìgbì rédíò kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìlú tó kéré tó Willimantic, kò sí ìyàtọ̀ tí etí ènìyàn lè mọ̀ láàárín ẹni tó ṣíwájú pátápátá àti ọmọ tó jókòó sórí èjìká bàbá rẹ̀ ní ìparí òpópónà. (Ẹni tó bá gbé fóònù wá, tó ń gba rédíò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò máa pẹ́ lẹ́yìn, yóò sì ba orin jẹ́ fún gbogbo àwọn tó yí i ká. Rédíò àtijọ́ ni nǹkan yìí gbára lé.) Ìwọ́de náà kò ní orí tí ènìyàn lè sún mọ́ kó lè níyì ju ẹnìkejì lọ. Ibi tí orin ti ń wá kò sí lójú títì rárá, kò sí ẹni tí a ó máa wò ní ẹni tó gbé e wá. Àwọn onísìn tó ti ń fi ọgọ́rùn-ún ọdún jà lórí ta ni yóò jókòó síwájú nínú ilé Ọlọ́run yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Ìdí tí ènìyàn fi ń bá ọ̀rẹ́ lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí èyí. Ẹni tó bá dá nìkan wọ fìlà aláràbarà jáde, tó ń fi rédíò ìyá rẹ̀ àgbà jó lójú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, ojú yóò tì í, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣehàn. Bí ó bá bá ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ, kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ọ̀rẹ́ ni ẹni tí mo lè fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀ kí n má sì dín kù lójú rẹ̀. Aristotle sọ nínú ìwé tó kọ lórí ìwà pé ọ̀rẹ́ ló ń so ìlú pọ̀, àti pé àwọn aṣòfin a máa ṣìkẹ́ rẹ̀ ju ìdájọ́ òdodo pàápàá lọ. Àwọn kan a máa ka ọ̀rọ̀ yẹn sí àsọdùn. Síbẹ̀, kí ni ìwọ́de ìlú kékeré bí kò ṣe pé ẹ̀rín tí ọ̀rẹ́ mẹ́ta mẹ́rin ń rín nínú yàrá bọ́ sí gbangba, tó wá bá ẹ̀rín àwọn mìíràn pàdé? Ẹni tó bá ti rí alága ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe tí wọ́n jọ di apanilẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, bí ó bá bá wọn jà lórí òṣèlú lẹ́yìn ìyẹn, kò ní rọrùn fún un láti sọ wọ́n di ẹbọra.

Àtakò tó kọ́kọ́ yẹ ká dáhùn ni ti àwọn òkú. Ìwọ́de tí wọ́n fẹ́ fi rántí àwọn ọmọ ogun ló já sí rédíò. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sójú ìjà lè béèrè pé ṣé ẹ̀rín ni wọ́n fi rọ́pò ọmọ òun. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. N kò sọ pé gbogbo ọjọ́ ló gba ẹ̀rín. Ọjọ́ ọ̀fọ̀ ní àyè tirẹ̀, ìlú Willimantic pàápàá kò sì gbé rédíò lọ síbi ìrántí òkú, ọjọ́ òmìnira ni wọ́n gbé e lọ. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé nítorí àwọn òkú, ojú alààyè gbọ́dọ̀ máa le lójoojúmọ́ ọdún, ohun tó pọ̀ ju ohun tí òkú béèrè ló ń gbà. Ohun tí wọ́n ń jà fún ní 1776 ni pé kí ọba Gẹ̀ẹ́sì má pàṣẹ fún wọn mọ́. Ó ṣòro láti bu ọlá fún irú ìjà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdúró tó jọ ti ìránṣẹ́ níwájú ọba.

Àtakò kejì le jù bẹ́ẹ̀, n kò sì rò pé a lè dáhùn rẹ̀ tán. Ẹ̀rín a máa ṣìkà. Láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn ìlú New England, agbègbè tí Connecticut wà, ti ní ìwọ́de tí wọ́n ń pè ní Antiques and Horribles láàárọ̀ ọjọ́ òmìnira. Ẹgbẹ́ ológun àtijọ́ kan ní Massachusetts, Ancient and Honorable Artillery Company tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1638, ni wọ́n kọ́kọ́ ń sín jẹ pẹ̀lú orúkọ náà. Wọ́n á wọ àkísà, wọ́n á kun ojú, wọ́n á máa ṣe bí ọ̀gágun. Irú rẹ̀ ṣì wà ní Chepachet, ní Rhode Island, títí di òní. Èyí dára títí dé ibi tó ti dára. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, àwọn kan nínú wọn a tún máa kun ojú dúdú láti fi ènìyàn dúdú ṣẹ̀sín. Ẹ̀rín tó ń gòkè lọ bá ọ̀gágun ti yíjú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹrú. Àwọn tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín náà mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Nígbà tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ New York ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, 1827, ọjọ́ karùn-ún ni àwọn ènìyàn dúdú ìlú New York tò jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ àti ọ̀págun ẹgbẹ́, láìsí yẹ̀yẹ́ kankan. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje náà ni Frederick Douglass, ẹni tó ti jẹ́ ẹrú rí, dìde ní Rochester ní 1852, tó bi àwọn olùgbọ́ rẹ̀ kí ni àjọyọ̀ wọn já mọ́ fún ẹrú. Kò fẹ́ ẹ̀rín lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá sì bẹ̀ ẹ́ pé kó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀gbin ló fi lọ̀ ọ́.

Mo gbà, nígbà náà, pé ẹni tí wọn kò tíì ka iyì rẹ̀ kún kò lè máa fi iyì náà tàfàlà. Dáfídì lè bọ́ ara sílẹ̀ torí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọba ni. Ẹni tí wọ́n kọ̀ láti pè ní ènìyàn, ìrìn àpọ́nlé ni yóò kọ́kọ́ rìn, ìrìn yẹn sì ni òtítọ́ tirẹ̀. Èyí dín ohun tí mo ń jà fún kù, ṣùgbọ́n kò wó o. Ó kàn fi hàn pé ọ̀wọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: ṣé ara rẹ̀ ni aláwàdà fi ń ṣe àwàdà, àbí ẹni tí kò lè dáhùn? Ní Willimantic, ibi tí àwọn tó ti Puerto Rico wá ti pọ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ òwú àtijọ́, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ìwé lásán. Bí ọdún kan bá wà tí apá kan ìlú di ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, tí apá kejì sì di ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, rédíò lè máa ké orin kan náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ọdún náà ti bàjẹ́. Ìwọ́de tí kò rẹ́rìn-ín náà lè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi pé ìbàjẹ́ tirẹ̀ kì í tètè hàn: ojú gbogbo ènìyàn ló le, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó le nítorí ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó le nítorí ìrora.

Àtakò ìkẹyìn ti ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ wá. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè kọ́ ni Ọlọ́run, àti pé ẹni tó bá fi orin, aṣọ àti ìjó bu ọlá fún un, òrìṣà tuntun ló ń bọ. Kì í ṣe ẹ̀rù lásán ló ń bà wọ́n. Robert Bellah, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ àròkọ kan ní 1967 láti fi hàn pé àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìsìn kan tí wọ́n ń fi orílẹ̀-èdè wọn ṣe, tó ní ọjọ́ mímọ́ tirẹ̀, ajẹ́rìíkú tirẹ̀ àti ibi mímọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òrìṣà a máa béèrè orúkọ ẹni tí kò wá. Àwọn ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà mọ èyí: ní West Virginia, wọ́n lé wọn kúrò nílé ẹ̀kọ́ torí pé wọ́n kọ̀ láti kí àsíá, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi dájọ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, 1943 pé ìjọba kò lè fipá mú ẹnikẹ́ni kí i. Orí ìlà, lójú olùkọ́, pẹ̀lú ìwé orúkọ lórí tábìlì, ni ìkíni tó le yẹn ti ń wáyé, ibẹ̀ sì ni ọ̀wọ̀ ti di ìbọ̀rìṣà. Ìwọ́de rédíò kò ní ohun èlò tí ènìyàn fi ń ṣe irú rẹ̀. Kò sí ìlà tí a tò sí, kò sí ìwé orúkọ, WILI kò sì mọ rédíò tó tan yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n pa. Ẹni tó jókòó sílé lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje nítorí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ àti ẹni tó sùn gbàgbé, ọ̀kan náà ni wọ́n: kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè.